Kẹ́míkà Olóró Nínú Ẹja Òkun: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó Mọ̀

Ó ṣòro láti rí ìdílé kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ẹja kì í wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, Mákòkó àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ń kó o wá láti inú òkun àti ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò Ìjọrà ń tà á láti inú yàrá oníyìnyín. Àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja sì ń gbé e dé àwọn ọjà tí ó jìnnà sí etí omi. Ẹja ń mú ara ọmọdé dàgbà, ó ń ṣe ọpọlọ lóore, ó sì ń ran ọkàn lọ́wọ́.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìkìlọ̀ ti ń jà ràn-ìn lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pé májèlé wà nínú ẹja òkun, pé kí aboyún má ṣe fẹnu kan án mọ́. Òótọ́ wà nínú ìkìlọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Kẹ́míkà olóró wà nínú àwọn ẹja kan lóòótọ́, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Àmọ́ gbogbo ẹja kọ́ ni ó rí bákan náà. Aboyún tí ó sá fún ẹja pátápátá ń fi oore ńlá du ọmọ rẹ̀. Èyí tí ó sì ń jẹ irú ẹja tí kò yẹ lemọ́lemọ́ ń fi ọmọ náà wewu. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni bí a ṣe ń yan ẹja. Èyí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé.

MẸ́KÚRÌ, OLÓRÍ NÍNÚ ÀWỌN KẸ́MÍKÀ NÁÀ

Mẹ́kúrì ni irin olómi tí ń dán bí fàdákà, èyí tí a máa ń rí nínú tẹmómítà àtijọ́. Ó wà nínú ilẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, òkè ayọnáyèéfín sì máa ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń dá kún un jù lọ: wíwa góòlù lọ́nà ìbílẹ̀, níbi tí àwọn awakùsà ti ń fi mẹ́kúrì kó góòlù jọ kí wọ́n tó fi iná sun ún, sísun èédú fún iná mànàmáná, àti oríṣiríṣi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ. Afẹ́fẹ́ ń gbé e rìn jìnnà, òjò sì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sínú odò àti òkun.

Bí ó bá ti dé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ ọ́ di irú mìíràn tí a ń pè ní mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì. Èyí ni ó léwu jù, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun abẹ̀mí, kì í sì í tètè jáde. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín inú omi ni ó kọ́kọ́ gbà á sára. Ẹja kéékèèké jẹ wọ́n. Ẹja tí ó jù wọ́n lọ jẹ ẹja kéékèèké. Apẹranjẹ ńlá sì jẹ gbogbo wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bí àjọ. Ẹja kékeré kọ̀ọ̀kan ń dá owó tirẹ̀, owó náà kò sì tó nǹkan. Ẹja ńlá ni alájọ: gbogbo ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja kéékèèké ti dá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń kó sí lọ́dọọdún, kò sì dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí ni mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì inú ara ẹja apẹranjẹ ńlá tí ó ti dàgbà ṣe lè ju ti inú omi tí ó ń gbé lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi náà lè mọ́ gaara lójú; ẹja náà lè sanra, kí ó sì tutù. Májèlé náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí ahọ́n lè mọ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ MINAMATA

Ìlú etí òkun kan wà ní erékùṣù Kyushu ní orílẹ̀-èdè Japan, Minamata ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Chisso ń ṣe kẹ́míkà níbẹ̀, ó sì ń da omi ìdọ̀tí tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ sínú ìyawọlẹ̀ òkun ìlú náà láti ọdún 1932. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ fi àmì hàn: wọ́n ń ta gìrì, wọ́n ń yí bí ẹni tí ń jó, àwọn kan sì ń já sínú òkun. Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn ìdílé apẹja. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan dé ilé ìwòsàn. Kò lè rìn dáadáa, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà, Dókítà Hajime Hosokawa, tí í ṣe olórí ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ náà gan-an, fi tó ìjọba létí pé àrùn ọpọlọ kan tí a kò mọ orírun rẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Kumamoto fi hàn ní ọdún 1959 pé mẹ́kúrì inú ẹja ni ó fa àrùn náà. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò ṣíwọ́ àtida ìdọ̀tí rẹ̀ sínú omi títí di ọdún 1968. Iye àwọn tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù pé àrùn náà mú lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn sì gba owó ìtọ́jú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wúwo jù lọ nínú ìtàn yìí kan àwọn ìyá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú náà bí ọmọ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ láti inú oyún, tí wọn kò lè jókòó, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀, nígbà tí ara ìyá fúnra rẹ̀ le tàbí tí àìsàn tirẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ṣáájú àkókò náà, àwọn oníṣègùn gbà pé olóbì máa ń dá májèlé dúró kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Minamata fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì ń gba inú olóbì kọjá, ọpọlọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni ó sì ń bà jẹ́. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ lórí ẹja fi ń dárúkọ aboyún ṣáájú gbogbo ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹja Minamata náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ẹja. Ìdọ̀tí tí a dà sí ojú kan fún ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ó fa ìjàm̀bá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí májèlé gbà dé ara ọmọ náà kò yàtọ̀ níbi gbogbo. Iye tí ó wọlé ni ó yàtọ̀, ẹja tí a sì ń jẹ ni ó ń pinnu iye náà.

IYE TÍ ARA LÈ GBÀ, ÀTI IYE TÍ Ó WÀ NÍNÚ ẸJA

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀: kí mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì tí ènìyàn ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan má ṣe ju máíkírógíráàmù 1.6 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Obìnrin tí ó bá wọn kílò 60 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 96 lọ lọ́sẹ̀.

Àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti yẹ oríṣiríṣi ẹja wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá fi ìpíndọ́gba tiwọn ṣe ìṣirò fún obìnrin kílò 60 náà, ohun tí a ó rí nìyí:

– Ẹja ekurá, apẹranjẹ òkun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shark: mílígíráàmù 0.979 mẹ́kúrì nínú kílò kan. Bí obìnrin náà bá jẹ ègé kan ṣoṣo tí kò tó 100 gíráàmù, ó ti kún òdiwọ̀n ọ̀sẹ̀ náà.

– Titus ti òkun Àtìláńtíkì: mílígíráàmù 0.050. Yóò jẹ tó kílò 2 lọ́sẹ̀ kí ó tó kún òdiwọ̀n náà.

– Sàdíìnì: mílígíráàmù 0.013. Yóò jẹ ju kílò 7 lọ.

Ẹ̀pìà kò ju ti sàdíìnì lọ. Edé kéré sí i. Pańla kò tó ìdá mẹ́wàá ti ẹja ekurá. A lè rí i báyìí pé àwọn ẹja tí mẹ́kúrì inú wọn kéré jù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, tí owó wọn kò sì ga tó ti ẹja ńlá.

Ó yẹ kí a tún àṣìṣe kan ṣe níhìn-ín. Àwọn ìkìlọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé kí aboyún yẹra fún «king mackerel». Nítorí pé mackerel ni orúkọ Titus ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé Titus ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe òun. King mackerel jẹ́ ẹja apẹranjẹ ńlá ọ̀tọ̀, mẹ́kúrì inú rẹ̀ sì ju ti Titus lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá.

YÍYAN ẸJA FÚN ÌDÍLÉ

Ẹja tí a lè jẹ lóòrèkóòrè: ṣáwá, sàdíìnì, Titus, pańla, ẹ̀pìà, àrọ̀ àti edé. Ẹja kékeré tí ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn, tí kì í sì í pa ẹja mìíràn jẹ, ni ó dára jù.

Ẹja tí a kò gbọdọ̀ sọ di oúnjẹ ojoojúmọ́: kúta ńlá àti túnà ńlá. Apẹranjẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe tóbi tó ni mẹ́kúrì inú wọn ṣe ń pọ̀ tó. Kúta kékeré sàn ju àgbà kúta lọ. Túnà inú agolo kì í sábà burú tó túnà ńlá, nítorí pé láti ara irú túnà tí kò tóbi púpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹja tí aboyún, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé gbọ́dọ̀ yẹra fún: ẹja ekurá, ẹja onídà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní swordfish, marlin àti king mackerel.

Kí aboyún jẹ ẹja ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti inú ìsọ̀rí kìíní, kí ègé kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 110 gíráàmù. Fún ọmọ ọdún 1 sí 3, ègé tí ó tó nǹkan bí 28 gíráàmù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti tó. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ tí àwọn àjọ àgbáyé méjèèjì tí a dárúkọ lókè pè jọ fẹnu kò pé oore tí ẹja ń ṣe fún ọpọlọ ọmọ inú ju ewu mẹ́kúrì lọ, bí ìyá bá yan ẹja rẹ̀ dáadáa.

Ọmọbìnrin tí ó ń gbèrò àtilóyún kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí oyún bá dé kí ó tó ṣọ́ra. Ó máa ń gbà tó nǹkan bí 50 ọjọ́ kí ìdajì mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì inú ara tó jáde, 50 ọjọ́ mìíràn kí ìdajì ìyókù tó tẹ̀ lé e. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni ó yẹ kí ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÌDÁNÁ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Mẹ́tíìlì-mẹ́kúrì ti wọ inú ẹran ara ẹja pátápátá. Fífi omi gbígbóná, iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kò lè yọ ọ́. Sísè, díndín àti yíyan kò lè pa á. Yíyan irú ẹja tí a ó rà lọ́jà nìkan ni ààbò.

Àwọn kẹ́míkà kan wà tí ìdáná lè dín kù. Oríṣi májèlé bíi DDT, PCB àti dioxin máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá. PCB wà nínú epo àwọn transifọ́mà àtijọ́. Dioxin ń jáde nígbà tí a bá ń sun ike àti wáyà. Bí a bá bó awọ ẹja, tí a yọ ọ̀rá ikùn àti ìfun rẹ̀, tí a sì yan án kí ọ̀rá rẹ̀ lè kán dànù, a ti dín apá kan nínú májèlé wọ̀nyí kù.

Òjé àti kádímíọ̀mù náà ń wọ inú omi láti ara bátìrì, ọ̀dà àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Òjé ń pa ọpọlọ ọmọdé lára, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè sọ pé kò léwu. Kádímíọ̀mù ń kó jọ sínú kíndìnrín. Akàn àti ìṣáwùrú máa ń gba irú irin wọ̀nyí sára, nítorí pé ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń gbé. Ohun rírọ̀ aláwọ̀ igi inú ikùn akàn ni kádímíọ̀mù máa ń pọ̀ sí jù. Kí a yọ ọ́ dànù, pàápàá bí ọmọdé bá fẹ́ jẹ ẹ́.

ÈÉFÍN ÀTI Ọ̀TÁPIÀPÍÀ

Májèlé mìíràn wà tí kì í ṣe inú omi ni ẹja ti kó o. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná, tí èéfín dúdú sì ń bò ó fún ìgbà pípẹ́, kẹ́míkà kan tí a ń pè ní benzopyrene máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà fún ènìyàn. Ewu náà kan ẹni tí ń yan ẹja ju ẹni tí ń jẹ ẹ́ lọ, nítorí pé òun ni ó ń fa èéfín símú lójoojúmọ́.

Kí àwọn ìyá tí ń yan ẹja lo igi líle gbígbẹ. Kí wọ́n gbé àtẹ ẹja ga kúrò lórí iná. Kí wọ́n má ṣe fi ike, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, táyà tàbí pákó tí a ti kùn dáná. Ààrò kan wà tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé àti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye, ní orílẹ̀-èdè Senegal, jọ ṣe: ó ní àwo tí ń gba ọ̀rá tí ń kán kí ó má bàa bọ́ sínú iná, ó sì ń dín benzopyrene kù púpọ̀. Kí ẹni tí ń ra ẹja yíyan wo àwọ̀ rẹ̀: pupa rúsúrúsú dára ju dúdú bí èédú lọ. Kí ó sì bó awọ rẹ̀ kí ó tó sè é.

Àwọn oníṣòwò kan máa ń da ọ̀tápiàpíà sórí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oògùn apakòkòrò yìí sórí oúnjẹ. Fífi Gámálìn tàbí májèlé mìíràn pa ẹja nínú omi lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè wa, ó sì ń pa ọmọ ẹja tí ìbá di èrè ọdún tí ń bọ̀.

NÍGBÀ TÍ EPO BÁ DÀ SÍNÚ ÒKUN

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọ̀pá epo rọ̀bì kan bẹ́ nínú òkun níwájú Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, agba epo tí ó tó 40,000 sì dà sínú omi. Ìṣàn òkun gbé epo náà títí dé etíkun Èkó. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹja máa ń ṣiṣẹ́ lórí púpọ̀ nínú kẹ́míkà epo, ó sì ń tì í jáde. Ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò nínú akàn, ìṣáwùrú àti irú wọn. Kí a má ṣe kó wọn jẹ níbi tí epo bá ti bo omi, títí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi kéde pé kò sí ewu mọ́. Kí a sì kọ ẹjakẹ́ja tí ó bá ń rùn bí epo.

ÒFIN ÀTI OJÚṢE WA

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, ó sì di òfin ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó gbà á wọlé. Àdéhùn náà ń fòpin sí ṣíṣe àti kíkó oríṣiríṣi ọjà tí ó ní mẹ́kúrì nínú wọlé, títí kan àwọn ìpara àti ọṣẹ ìbóra. Kí àwọn tí ń bóra rántí pé mẹ́kúrì inú ìpara náà ń wọ ara, ó sì ń ṣàn dà sínú omi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wẹ̀.

Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn láti òkè wá sínú ọ̀sà wa. Ohun tí a bá dà sí gọ́tà ní Ìkẹjà tàbí Ìlúpéjú ń rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, a rọ gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí pé:

– kí a má ṣe da epo ọkọ̀, omi bátìrì tàbí ọ̀dà sínú gọ́tà;

– kí a má ṣe fọ́ gílóòbù gígùn tàbí tẹmómítà mọ́ ìdọ̀tí ilé, nítorí mẹ́kúrì inú wọn;

– kí a má ṣe sun wáyà àti ike láti mú kọ́pà inú wọn;

– kí ẹni tí ó bá rí ilé iṣẹ́ tí ń da omi olóró sínú odò, tàbí tí ó rí ẹja púpọ̀ tí ó léfòó ní òkú, fi tó Àjọ Adáàbòbo Àyíká Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASEPA, létí. Kí ó sọ ibi náà, ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, kí ó má sì ṣe kó ẹja náà jẹ tàbí tà á.

Ọdún méjìlá ni ó wà láàárín ìgbà tí a fi àrùn Minamata tó ìjọba létí àti ìgbà tí ìdọ̀tí náà dúró, àwọn ọmọ tí a bí láàárín àkókò yẹn sì ni wọ́n san gbèsè rẹ̀. Àwọn apẹja ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí i bí omi bá yí padà. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Bí ẹ bá sì dé ọjà lọ́la, ẹ ra ẹja fún ìdílé yín láìbẹ̀rù: ẹ ra kékeré, ẹ pààrọ̀ irú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ẹja apẹranjẹ ńlá sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ọmọ sínú.